Okùn Tó Mu Omi

Kí òjò tó dé, Zinsu àti Sagbo ti fò kọjá ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e sókè, kò sì sí ẹni tó tíì gbé e jábọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n, wọ́n sì jọra débi pé ó ń bí àwọn èrò nínú. Bí ẹnì kan bá pàtẹ́wọ́ fún Zinsu, ẹni tó jókòó tì í á sọ fún un pé ọmọ Benin ló ń pàtẹ́wọ́ fún. Aṣọ wọn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí àwọ̀ ewé ni Nàìjíríà ń wọ̀, àwọ̀ ewé náà sì ni Benin ń lò nígbà náà. Ìràwọ̀ pupa kékeré kan tó wà láyà Sagbo nìkan ló yà wọ́n. Ará Gánà gíga kan tó ń bá wọn díje lọ bá àwọn adájọ́, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ọkùnrin kan ṣoṣo máa fò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn adájọ́ rẹ́rìn-ín. Sagbo náà rẹ́rìn-ín. Zinsu kò rẹ́rìn-ín.

Láti àárọ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ó ń tú okùn bàtà, ó ń so ó padà, ó ń wo sánmà. Kóòṣì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìdárayá ní Otto, ti sọ fún un títí pé kó jókòó. Á jókòó, á tún dìde. Kóòṣì ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi fò lónìí kọ́ ló ń fi rin ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò rán an yìí.

Oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni, ìgbà tí owó epo ṣì ń ṣàn. Ọ̀nà márosẹ̀ tuntun ti gba àárín oko àgbọn kọjá láti Èkó dé ibodè, ìjọba sì ti kọ́ pápá ìṣeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, béèyàn bá ti kọjá Morogbo díẹ̀. Ìdíje Àwọn Orílẹ̀-èdè Etí Òkun ni wọ́n fi ṣí i. Ọ̀dà ara òpó rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá fara tì í á gbé àmì funfun lọ sílé. Fóòmù tí àwọn olùfò ń já lé ga tó àyà ọmọdé, ọkọ̀ òkun ló gbé e dé láti òkèèrè, ọ̀rá tó bò ó sì ṣì ń rùn bí ọjà tuntun.

Àwọn aláṣẹ ìdíje náà ti sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gba góòlù nìkan ni wọ́n máa rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún méjì, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni kejì á gba fàdákà, á sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Zinsu ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ náà sì ń lọ dáadáa, torí pé gbogbo apẹja ló ń ra ẹ́ńjìnnì nígbà náà, wọ́n sì ń bà á jẹ́ bí wọ́n ṣe ń rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ló ń gbé e jí láàárọ̀. Kóòṣì ti sọ fún un láìfi bò pé bí ti ọ̀tẹ̀ yìí bá bọ́, àwọn ọmọ kékeré tó ga jù ú lọ ti ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì ní wojú rẹ̀ mọ́.

Fífi ẹ̀yìn fò ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Àwọn àgbà olùfò a máa gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ọ̀pá kí èkejì tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Nínú ti ìgbà tuntun yìí, èèyàn á kọ́kọ́ sáré tààrà, á wá rọra yí bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí òpó po lójú omi, á fi ẹsẹ̀ kan ta ilẹ̀, á sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá. Orí á kọ́kọ́ kọjá, èjìká á tẹ̀ lé e, ìbàdí á gbé ara rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ á wá kẹ́yìn. Kò sí ìgbà kan tí gbogbo ara wà lókè ọ̀pá pọ̀. Ohun tó dùn mọ́ Zinsu jù nínú rẹ̀ nìyẹn, torí ó dà bí ìgbà téèyàn bá ń ti pákó gígùn gba ojú fèrèsé: díẹ̀díẹ̀ ló ń kọjá. Orí òkìtì àwọ̀n àtijọ́ ló ti kọ́ ọ, létí òkun, kó tó fojú kan fóòmù. Àwọ̀n tí wọ́n kó jọ sórí yanrìn máa ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn kì í dunni, béèyàn bá ti rántí já òjé etí rẹ̀ kúrò.

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ìkẹyìn bá bọ́ sí. Bí ẹsẹ̀ bá sún mọ́ ọ̀pá jù, ara á lọ pàdé ọ̀pá nígbà tó ṣì ń gòkè. Bó bá jìnnà jù, ara á ti máa sọ̀kalẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Nítorí pé ìgbésẹ̀ olùfò kì í yí padà, ibi tó bá ti gbéra ló máa sọ ibi tó máa ta ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òpó wá sẹ́yìn, tó sì ń fi àmì sí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àwọn ìbejì jókòó sí àárín gbùngbùn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ará Benin. Dosi, ọmọbìnrin tó bí tẹ̀lé ìbejì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fò, ìyá á pàtẹ́wọ́. Bí èkejì bá fò, á pàtẹ́wọ́ gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, á sì ti Dosi nígbọ̀nwọ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Dosi ní ọwọ́ ń ta òun. Ìyá ní kó fi ara dà á, ìbejì lòun bí.

Ọmọ Ègùn ni wọ́n. Apẹja ni bàbá wọn tó ti di olóògbé, Dàá ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà ní ilẹ̀ Benin ni ìyá wọn. Nígbà tí àwọn ìbejì pé ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, télọ̀ kan tí kò bí ọmọkùnrin, wá láti Àjàṣẹ́ wá tọrọ ọ̀kan nínú wọn. Sagbo ló mú lọ, torí pé ibà ń ṣe Sagbo lọ́jọ́ náà, kò sì lè sá lọ fara pamọ́ sínú ọkọ̀ bí Zinsu ti ṣe. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti fi òfin kan de ara rẹ̀, pé ohun tí ọ̀kan bá ní, èkejì gbọ́dọ̀ ní i, nítorí a kì í fún ọ̀kan nínú ìbejì kí a fi èkejì sílẹ̀. Bí télọ̀ bá rán ṣòkòtò fún Sagbo, ìyá á wá irú rẹ̀ fún Zinsu. Bó bá ra bàtà ilé-ìwé fún Sagbo, ìyá á rin gbogbo ọjà títí yóò fi rí i, tó fi jẹ́ pé Zinsu, tí kò kọjá ìwé kẹfà, tí kì í wọ bàtà wọnú ọkọ̀, ní bàtà ilé-ìwé tó pọ̀ ju ti ọmọ olùkọ́ lọ.

Nígbà tí Dàá kú, ohun tó fi sílẹ̀ tó ṣeé pín kò ju okùn tó fi ń fa àwọ̀n lọ, okùn òwú tí wọ́n lọ́ kí náílọ́ọ̀nù tó gba etí òkun. Ìyá mú orí rẹ̀ méjèèjì, ó pa wọ́n pọ̀, ó gé e níbi tó ti ṣẹ́po, ó fún kálukú ní ìdajì. Sagbo ló kọ́kọ́ rò ó pé òun lè máa fi tòun wọn ilẹ̀ ìsáré. Ó ta kókó síbi tí àmì rẹ̀ bọ́ sí, kò sì lọ síbi ìdíje kankan láìmú un dání. Zinsu náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé fi fún un ní téèpù onírin. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ àpò ni okùn tirẹ̀ ń gbé. Kò lò ó, kò sì lè fi í sílé.

Òjò àrọ̀kúrò náà dé láti orí òkun lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ará Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pá jábọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tó sì ń bọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sá sábẹ́ òrùlé. Olùfò méjì péré ló kù. Sagbo sá, okùn rẹ̀ sì wà níbi tó tẹ́ ẹ sí lórí koríko. Zinsu rí i níbẹ̀ láti abẹ́ òrùlé, ó gùn lọ gbọọrọ nínú omi, ṣùgbọ́n kò ro nǹkan kan sí i. Ohun tó ń rò ni bí òjò náà yóò ṣe pẹ́ tó, bóyá itan òun á ti tutù kó tó dá.

Nígbà tí òjò dá, omi ti dá rogún níwájú fóòmù. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbá a, gbá a, kò gbẹ. Níkẹyìn, àwọn adájọ́ ní kí wọ́n gbé fóòmù àti òpó méjèèjì sún lọ síbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Èyí já sí pé gbogbo àmì àtijọ́ ti di asán, kálukú sì gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ wọn. Kóòṣì di orí téèpù mú, Zinsu fà á, wọ́n rí ibi tí wọ́n ń wá, wọ́n fi àmì sí i. Sagbo fún omi kúrò lára okùn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ orí kan mọ́ ìdí òpó, ó fa ìyókù le, ó fi àmì síbi tí kókó bọ́ sí.

Wọ́n gbé ọ̀pá sí mítà méjì àti sẹ̀ntímítà mọ́kànlá. Sagbo ló ń ṣáájú nínú ètò fífò. Ó sáré, ó yí, ó ta ilẹ̀, èjìká rẹ̀ sì gbá ọ̀pá lọ. Àsíá pupa. Ó dìde, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Zinsu náà fò, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ọ̀pá nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá mì, ó mì, ó jábọ́. Àsíá pupa. Sagbo tún padà wá, ó sáré kíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ, àárín ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ bá ọ̀pá, òun àti ọ̀pá jọ balẹ̀ sórí fóòmù.

Nígbà tó kan Zinsu lẹ́ẹ̀kejì, kò mọ ìgbà tó gbéra. Ó kàn gbọ́ afẹ́fẹ́ létí, ó rí sánmà, ó rí i pé ọ̀pá ṣì wà lókè. Àsíá funfun gòkè. Ariwo tó sọ mú kí àwọn ẹyẹ orí igi àgbọn fò lọ. Kóòṣì dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì rọra sọ ìṣírò náà fún un létí, pé bí Sagbo bá gbé ọ̀pá yìí jábọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí, góòlù ti dé ọwọ́. Ó ní kó jókòó, kó fi aṣọ ìnura bojú, kó má wo ẹnikẹ́ni.

Zinsu jókòó. Ó fi aṣọ bojú. Lẹ́yìn náà, ó gbé etí aṣọ sókè, ó wo Sagbo.

Òtítọ́ ni pé kò wá ohunkóhun. Ojú ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni ojú rẹ̀. Bó bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́, kò lè kọjá lọ láìmọ ibi tó ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sagbo ti gbé ọ̀pá jábọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ nígbà tó ń gòkè. Ọ̀pá tó bá jábọ́ ní ìsọ̀kalẹ̀ lè jẹ́ pé agbára ni kò tó. Èyí tó bá jábọ́ ní ìgòkè, ẹsẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Bẹ́ẹ̀ Sagbo kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé. Sagbo náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ti padà sídìí àmì rẹ̀, ó tún fa okùn láti ẹsẹ̀ òpó, ó tún rí i pé kókó bọ́ sórí àmì gẹ́lẹ́. Ó mi orí. Ó ká okùn náà, ó jù ú sílẹ̀. Okùn náà bọ́ sílẹ̀ bí ohun tó wúwo. Ó ti wú, ó le, ó tóbi ju bó ṣe yẹ kó tóbi lọ.

Nígbà náà ni ó yé Zinsu.

Dàá kì í fi okùn gbígbẹ wọn ohunkóhun. Bó bá fẹ́ gé okùn fún àwọ̀n tuntun, á kọ́kọ́ rì í sínú ọ̀sà, á fi í síbẹ̀ kó sùn, á ní okùn tí kò tíì mu omi kò tíì sọ òtítọ́. Òwú tó bá mu omi á wú. Bó ṣe ń wú ni lílọ́ rẹ̀ á máa le sí i, bó sì ṣe ń le ni okùn á máa kúrú. Ẹni tó bá gé e ní gbígbẹ, tó wá jù ú sómi, á rí i pé àwọ̀n òun ti súnkì mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ọmọ tó dàgbà nínú ọkọ̀ apẹja létí òkun yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni Sagbo dàgbà sí, ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi téèpù wọn èjìká àti ìbàdí. Okùn tó kúrú ló fi wọn ilẹ̀, okùn tó kúrú kan náà ló sì fi ń yẹ ilẹ̀ náà wò. Ó lè yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun kan náà ni yóò máa sọ fún un.

Zinsu bo ojú rẹ̀ padà.

Ó rántí ṣòkòtò. Ó rántí bàtà ilé-ìwé. Gbogbo ohun tí Sagbo ní ni ìyá ti wá irú rẹ̀ fún òun, àfi ilé-ìwé fúnra rẹ̀, tí kò rí rà lọ́jà. Kò sì sí ẹni tó rántí bu ẹ̀kọ́ tí òun gbà nínú ọkọ̀ Dàá fún Sagbo. Òun nìkan ló ni ín. Láyé òun, èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti òun nìkan, ó sì ti mú góòlù dání wá. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ẹja ńlá nínú àwọ̀n. Ó mú aṣọ kúrò lójú. Ó so okùn bàtà tí kò tú. Omi tuntun ti ṣàn wá sójú ìsáré, adájọ́ sì ní kí Sagbo dúró kí àwọn òṣìṣẹ́ gbá a kúrò. Sagbo dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ìgbà tí ibà ń ṣe é.

Zinsu dìde.

Kóòṣì bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun fẹ́ mu omi.

Ọ̀dọ̀ Sagbo ló lọ. Èdè Ègùn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, kò sì sí adájọ́ tó gbọ́ ọ.

"Okùn ẹ ti mu omi," Zinsu wí. "Ó ti kúrú. Sún àmì ẹ sẹ́yìn."

Sagbo wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọjọ́ wo lo di kóòṣì mi?"

"Mo ní kó o sún un."

"Ìwọ náà lo ní kí n di òjíjí mú níjọ́sí, o ní ẹja lásán ni."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn."

"Apá mi ò tíì gbàgbé."

Ó yí ojú kúrò. Zinsu rí i pé bí òun bá padà báyìí, òun ti ṣe ohun tó yẹ, kò sì ní sí ẹni tó lè bi òun léèrè. Ó tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dúró lágbedeméjì kì í jẹ́ kó sùn. Ó lọ sídìí àpò rẹ̀, ó tú aṣọ àti bàtà sílẹ̀, ó fa okùn tirẹ̀ jáde. Ó gbẹ, ó sì rọ̀. Ó gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fa ti Sagbo tì í, ó fẹsẹ̀ tẹ orí méjèèjì pọ̀, ó ní kí Sagbo rìn lọ sí ìdí kejì kó lọ wò ó.

Sagbo lọ. Okùn Zinsu kọjá ti rẹ̀ ní gígùn bàtà kan àti ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí tirẹ̀ parí sí, ó fọwọ́ kan ibi tí ti Zinsu parí sí.

"Ìyá gé e bákan náà," ó wí.

"Ìyá gé e bákan náà. Omi ló gé tìrẹ sí i."

Adájọ́ ké sí wọn pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ó sì pe nọ́ńbà Sagbo. Sagbo kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi bàtà rẹ̀ wọn ibi tó ṣẹ́ kù, ó gbé àmì rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró lé e. Nígbà tó sáré, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹlòmíràn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ, ìbàdí rẹ̀ gòkè, àyè tó wà láàárín òun àti ọ̀pá sì tó láti gba ọwọ́ kọjá. Ní àárín àwọn èrò, ìyá wọn pàtẹ́wọ́, iye tó pa fún Zinsu gẹ́lẹ́ ló pa.

Wọ́n gbé ọ̀pá sókè sí i. Sagbo gbé e jábọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò ó lẹ́ẹ̀kejì. Zinsu kò fò ó rí láyé rẹ̀, kì í ṣe lórí àwọ̀n, kì í ṣe lórí fóòmù. Ó gbìyànjú. Ní ìgbà kẹta, ó rò pé òun ti ṣe é. Ó nà gbalaja lórí fóòmù, ó ń wo ọ̀pá lókè bó ṣe ń gbọ̀n, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá náà yí díẹ̀, ó rọra kúrò níbi tí wọ́n gbé e lé, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ó wá ibi tó ti ṣàṣìṣe, kò rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ló fi kàn án, ní ìsọ̀kalẹ̀. Gíga náà ju agbára rẹ̀ lọ ni, kò sì sí nǹkan tó ṣeé tún ṣe níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kò pariwo. Ó ń ká téèpù onírin náà, ó ń nu omi ara rẹ̀ kúrò kó má baà dógùn-ún. "O ti wà lórí òrùlé, Zinsu," ó wí níkẹyìn. "O wá gbé àkàbà fún ẹni tó wà nílẹ̀." Zinsu ní kó má bínú, sà. Kóòṣì ní òun kò bínú, òun kàn fẹ́ mọ irú èèyàn tí òun ti ń jí kọ́ ní ìdájí láti ọdún mẹ́ta ni. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ bá àwọn asáré.

Nígbà tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ wọn lọ́rùn, ìyá wọn sọ̀kalẹ̀ wá láti àárín èrò. Ó bu ẹ̀pà sísè fún ọ̀kan, ó bu fún èkejì. Ó wo Zinsu pẹ́. Ó ní òun rí i nígbà tí wọ́n tẹ́ okùn náà sílẹ̀, òun sì mọ̀ ọ́n láti òkè, torí òun lòun gé e. Kò yìn ín. Bó bá yin ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ wá ohun tó máa fi yin èkejì, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Dosi ló bú sẹ́kún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì àwọn ará Benin dúró lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Zinsu bá Sagbo gbé àpò débẹ̀. Kò fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n dídúró sójú kan le ju gbígbé àpò lọ. Sagbo ti ki góòlù bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, kò jẹ́ kí ó hàn. Ó wọlé, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ṣí i. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń kọrin, ẹnì kan ní kí Sagbo mú ẹnì kejì rẹ̀ wọlé, àyè ṣì wà, kò sí aṣọ́bodè tó máa mọ̀ pé èèyàn méjì ni wọ́n.

"Kí ni Dàá tún sọ fún ẹ?" Sagbo bi í.

Ó wá sí Zinsu lẹ́nu láti sọ pé kó lọ bi àwọn tí wọ́n ń rán an lọ bá ní òkèèrè. Ọdún méjì. Ọdún méjì yẹn wà nínú bọ́ọ̀sì yìí, ó ń lọ, òun lòun sì gbé àpò rẹ̀ wá.

"Èyí tó sọ pọ̀," ó wí.

"Sọ ọ́, nọvi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ ìyá ẹni ní èdè wọn, Sagbo kò sì pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n sin Dàá. Ó tún ń bí Zinsu nínú pé ó pè é bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó fi ọwọ́ di etí fèrèsé mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jà. Ó sọ fún un bí èèyàn ṣe ń mọ ibi tí yanrìn ti ga lábẹ́ omi, pé kì í ṣe àwọ̀ omi ni kó wò, bí kò ṣe ibi tí ìgbì bá ti fọ́ kó tó yẹ kó fọ́. Ó sọ fún un ìdí tí Dàá kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí iwájú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń padà bọ̀, àti bó ṣe ń gbọ́ ohùn ẹja nípa fífi àjẹ̀ sínú omi, tí á sì gbé etí lé ìdí rẹ̀. Sagbo ti gbé gbogbo orí rẹ̀ síta.

Awakọ̀ fun fèrè. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Zinsu ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá bí bọ́ọ̀sì ti ń yá. Ó ti dé orí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀sà fẹ́ wá láàárọ̀ àti èyí tó ń ti orí òkun bọ̀ lọ́sàn-án, kò sì tíì dé ìdajì rẹ̀.